Gbígbé kíndìnrín lọ sí ọ̀nà jíjìn fún ìpààrọ̀: ìtọ́sọ́nà láti tíátà iṣẹ́ abẹ dé tíátà

Kíndìnrín tí wọ́n yọ lára olóògbé lè wà nínú òtútù fún wákàtí 24, òmíràn a tiẹ̀ tó wákàtí 36, kí wọ́n tó fi sí ara ẹlòmíràn, kó sì ṣiṣẹ́. Ọkàn kò lè dúró ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ. Ọkọ̀ òfuurufú tó bá gbéra ní Atlanta, ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, máa ń balẹ̀ sí Seattle, ní ìwọ̀-oòrùn, láàárín bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé àyè wà. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, láàárín 2014 sí 2019, ẹ̀yà ara tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 170 ni wọn kò rí lò mọ́ nítorí wàhálà ìrìnnà, tí bíi 370 mìíràn sì fi wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ lọ́nà. Àwọn oníròyìn Kaiser Health News àti Reveal ló tú u síta ní 2020.

Òfuurufú kọ́ ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Ilẹ̀ ni. Ibi tí àpótí ti jókòó sẹ́nu ọ́fíìsì ẹrù tí wọ́n ti tì pa, ibi tí ẹnì kan ti rò pé ẹnì kejì ti gbé e, ibẹ̀ ni wákàtí ń bá lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ aago àti tẹlifóònù máa pọ̀ nínú ohun tí mo kọ yìí ju ọ̀rọ̀ abẹ lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ọmọ Yorùbá tó ń wọ iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà ni mo kọ ọ́ fún ní pàtàkì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ju 90,000 lọ ló wà lórí ìwé tí wọ́n ń retí kíndìnrín níbẹ̀, àwọn èèyàn dúdú sì pọ̀ nínú wọn gan-an. Bí ẹ̀yin tàbí ẹbí yín bá wà lórí ìwé yẹn, ẹ kà á, kí ẹ lè mọ ohun tó ń lọ nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣì máa dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìgbà tí aago bẹ̀rẹ̀

Aago méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dúró nínú iṣan olóògbé títí di ìgbà tí omi tútù wọ inú kíndìnrín. Ìyẹn léwu, nítorí kíndìnrín ṣì gbóná, ó ṣì ń fẹ́ afẹ́fẹ́, kò sì rí i. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka á. Ti kejì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí omi tútù ti wọlé, ó sì ń lọ títí di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹni tuntun bá gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tí ẹni tó ń gbé e rìn ní ìkáwọ́ nìyẹn.

Òtútù kì í dá ìbàjẹ́ dúró, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Ní ìwọ̀n 4°C, agbára tí kíndìnrín ń lò kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó ń lò nínú ara lọ. Bí wákàtí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i pé kíndìnrín náà á “sùn” lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an tán, tí aláìsàn á sì ní láti tún padà sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kíndìnrín àgbàlagbà, ti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró kí wọ́n tó yọ ọ́, kì í fara da ìdúró bíi ti ọ̀dọ́. Ó bani nínú jẹ́ pé irú wọn gan-an ló sábà máa ń rìn jìnnà jù, torí pé ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ti kọ̀ wọ́n. Tó bá jẹ́ irú wọn ni ẹ ń gbé, ẹ gbà pé ẹ kò ní wákàtí 36. Ẹ fi 24 ṣe òpin, kí ẹ sì gbìyànjú kó má dé ibẹ̀.

Ẹ kọ aago sílẹ̀ pẹ̀lú ìlú tó ni ín. Bí aago bá lu 11 alẹ́ ní Atlanta, 8 alẹ́ ni ní Seattle. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ “02:15” sí lásán, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ti ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ ni tàbí ti ibi tó ń lọ. Wákàtí mẹ́ta ló sọnù nínú ìṣirò yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ọkọ̀ kí abẹ tó kan ara

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn aláìsàn tó wà nínú òbìrí 250 máìlì ojú omi yí ilé ìwòsàn olóògbé ká ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi kíndìnrín lọ̀. Bíi kìlómítà 463 nìyẹn, kò tó Èkó sí Àbújá bí ẹyẹ bá fò ó. Bí kò bá sẹ́ni tó gbà á níbẹ̀, ó di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ibikíbi tí kíndìnrín tó bá wọn mu bá ti jáde ni wọ́n á ti fò ó wá: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kún fún èròjà tó ń gbógun ti ẹran ara ẹlòmíràn, nítorí oyún, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí wọn lára, tàbí nítorí pé wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín rí. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè retí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹyọ kan ṣoṣo tó bá a mu tó jáde. Tirẹ̀ ni kí ẹ fọkàn sí jù.

Bí orúkọ ẹni tó máa gbà á bá ti jáde, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́ tán. Ẹ ṣí ìwé ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀ kí ẹ sì wá ìdáhùn sí nǹkan wọ̀nyí:

Aago mélòó ni ọ́fíìsì ẹrù ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ń tì, aago mélòó ló sì ń ṣí? Wákàtí mélòó ṣáájú ìgbéra ni wọ́n fẹ́ gba àpótí? Ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí kan sí méjì. Ṣé tààrà ni ọkọ̀ náà ń lọ? Bí ẹ bá pàdánù rẹ̀, ìgbà wo ni òmíràn tún ń gbéra?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọkọ̀ òru pọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn, torí pé èrò fẹ́ jí síbi iṣẹ́. Láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ọkọ̀ máa ń dákẹ́ lẹ́yìn alẹ́ títí di àárọ̀. Kíndìnrín tí wọ́n yọ tán ní aago kan òru ní Atlanta lè jókòó sójú kan fún bíi wákàtí mẹ́fà kó tó rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Seattle. Nígbà míì, ó sàn kí ẹ bá àwọn oníṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sún àkókò tíátà síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, ju pé kí wọ́n tètè yọ ọ́ kó lọ jókòó. Ẹbí olóògbé ni kí ẹ kọ́kọ́ rò nínú ìyẹn o. Bí wọ́n bá ti rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ gbé òkú wọn lọ sin, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n lára.

Ọkọ̀ tààrà ni kí ẹ yàn, kódà bó bá pẹ́ díẹ̀ ju èyí tó ń yà sí ìlú mìíràn lọ. Níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn ni àpótí ti ń kù sẹ́yìn. Bí ìrìn náà kò bá ju wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lọ lórí títì, ẹ fi mọ́tò gbé e. Àpótí á wà lójú dírẹ́bà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ òru, kí dírẹ́bà jẹ́ méjì. Ọkọ̀ òfuurufú àdáni wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀nà yòókù bá máa ti kíndìnrín kọjá òpin rẹ̀, tí ẹni tó ń retí rẹ̀ kò sì lè rí òmíràn, ẹ béèrè fún un láì tijú.

Kí ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 tó dé, ẹni tó gbé àpótí wá lè rìn dé ẹnu ọkọ̀ kó sì fà á lé àwọn awakọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹrù bíi ti gbogbo ẹrù. Òfin FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún 2024 ní kí wọ́n wá ọ̀nà tí ẹ̀yà ara á fi tún máa rìn lókè lọ́dọ̀ èrò. Ní Brazil, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń gbé ẹ̀yà ara lọ́fẹ̀ẹ́, àṣẹ ìjọba tó jáde ní oṣù Kẹfà 2016 sì ní kí ọkọ̀ àwọn ológun òfuurufú kan máa wà ní sẹpẹ́ nígbà gbogbo fún iṣẹ́ yìí. Ó wù mí kí ibi púpọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àyẹ̀wò ìbáramu kó ṣáájú àpótí

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń po ẹ̀jẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní láàbù ń gba wákàtí mélòó kan. Bó bá jẹ́ ìgbà tí kíndìnrín balẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wákàtí wọ̀nyẹn ṣòfò. Kí láàbù ti fi àkọsílẹ̀ wé àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìrìnnà: irú ẹran ara olóògbé àti èròjà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Bí ọ̀nà bá wà láti fi ẹ̀jẹ̀ olóògbé ránṣẹ́ ṣáájú, ẹ rán an.

Ẹ sì béèrè orúkọ ẹnì kejì. Bí ibà bá mú ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ta ló kàn ní ilé ìwòsàn kan náà? Ní Amẹ́ríkà, bí ìdá kan nínú mẹ́rin kíndìnrín tí wọ́n yọ lára olóògbé ni wọn kì í lò. Èyí tó ti fò dé ìlú òkèèrè, tí wọ́n wá kọ̀ níbẹ̀, ṣòro láti rí ibùgbé mìíràn fún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fífọ̀ àti dídì

Omi tí wọ́n ń lò jù ni èyí tí Folkert Belzer àti James Southard ṣe ní Yunifásítì Wisconsin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní UW. Pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ní àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì wú nínú òtútù. Ṣáájú wọn, ní 1969, omi Geoffrey Collins ti fi hàn pé ẹ lè fọ kíndìnrín, kí ẹ fi sínú yìnyín, kó sì pẹ́ tó wákàtí 30.

Ẹ wò ó lórí tábìlì ẹ̀yìn. Kíndìnrín wà nínú abọ́ tó kún fún yìnyín rírọ̀, omi tútù ń gba iṣan kan wọlé. Omi tó ń jáde lódìkejì á kọ́kọ́ pupa, á wá pọ́n díẹ̀, á wá mọ́ kedere. Kíndìnrín fúnra rẹ̀ á kúrò ní pupa dúdú, á sì ràwọ̀ eérú yíká. Bí apá kan bá ṣì dúdú, omi kò dé ibẹ̀. Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó wọ inú ọ̀rá àkọ́kọ́ pẹ̀lú omi ìpamọ́ tó bò ó dáadáa. Ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó di ẹnu rẹ̀. Ààbò mẹ́ta tí kòkòrò kò lè kọjá ló gbọ́dọ̀ yí i ká, kí ọ̀kan nínú ohun tó yí i ká sì jẹ́ ike líle, kí ohunkóhun má baà tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó gbé e sínú yìnyín.

Yìnyín kò gbọ́dọ̀ fara kan kíndìnrín fúnra rẹ̀. Òtútù la fẹ́, a kò fẹ́ kó dì. Bó bá dì, ó di ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbé jáde látinú fírísà: ó rọ̀, omi rẹ̀ ń jáde, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Yìnyín tó ti ń yọ́ díẹ̀ ni kí ẹ lò, torí pé òdo ìwọ̀n Celsius ni òun máa ń dúró sí. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fírísà tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yìnyín gbígbẹ, èyí tó ń rú èéfín, kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí yìí láéláé. Ó tutù ju òdo lọ ní ìwọ̀n 78. Ẹ kó yìnyín yí ike náà ká, nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́, àti lórí. Bó bá ṣe ń yọ́ ni ike á máa rì, orí rẹ̀ á sì ṣófo.

Ìgò ẹ̀jẹ̀ àti ègé ẹran ara tí láàbù máa lò ń bá a rìn. Ẹ bi láàbù tó ń retí wọn bóyá inú òtútù ni wọ́n fẹ́ ẹ tàbí níta yìnyín.

Kúlà tàbí ẹ̀rọ?

Ní 1967, Belzer fi ẹ̀rọ tó ń ti omi tútù kọjá nínú kíndìnrín ajá pa á mọ́ fún wákàtí 72. Ẹ̀rọ òní kéré dé ibi tó fi lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ní 2009, àwọn dókítà ní Netherlands, Belgium àti Jámánì tẹ ìwádìí kan jáde: olóògbé 336, kíndìnrín kan lọ sórí ẹ̀rọ, èkejì lọ sínú yìnyín. Èyí tó sùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹ́ 20.8 nínú 100 fún ẹ̀rọ, 26.5 fún yìnyín.

Lójú tèmi, kíndìnrín àgbàlagbà àti ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró kó má rin ọ̀nà jíjìn láì sí ẹ̀rọ, bí ẹ̀rọ bá wà. Fún kíndìnrín ọ̀dọ́ tó máa dé láàárín wákàtí mẹ́wàá, kúlà tí wọ́n dì dáadáa tó. Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ, ẹ wo bátìrì, ẹ kún yìnyín rẹ̀, kí ẹ sì kọ bí omi ṣe ń ṣàn àti bí iṣan ṣe ń tako o. Bí ìtakò náà bá ń rọ̀ láti wákàtí dé wákàtí, àmì rere ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lébẹ́ẹ̀lì

Nọ́ńbà olóògbé, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti bóyá kíndìnrín òsì tàbí ọ̀tún ni. Òsì tàbí ọ̀tún ti olóògbé ni o, kì í ṣe ti ẹni tó dúró sídìí tábìlì. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde nínú kíndìnrín òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ, dókítà tó ń retí rẹ̀ sì ti fi ìyẹn sínú ètò. Orúkọ olóògbé kì í hàn níbi kankan. Ẹni méjì ni kí ó kà á, kí wọ́n kà á sókè, lójú ìwé ibi tí wọ́n ti kọ irú ẹ̀jẹ̀ náà gan-an. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ kà á fún ara rẹ̀ kó ní ó ti tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: láti ọwọ́ dé ọwọ́

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ ka iye ọwọ́ tí àpótí máa gbà kọjá: tíátà, dírẹ́bà, ọ́fíìsì ẹrù, àwọn tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, àwọn tó ń kó o sílẹ̀, ọ́fíìsì ẹrù kejì, dírẹ́bà kejì, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tíátà. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni, nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀, aago tó gbà á, àti aago tí ẹ̀yin máa tún pe. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n sábà ń gbàgbé. Bí kò bá sí aago ìpè, gbogbo èèyàn á máa retí pé ẹlòmíràn á pè.

Ẹ mọ ìbéèrè tí ẹ máa bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti gbà á?” wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, òtítọ́ sì ni: wọ́n gbà á ní ọ́fíìsì. Mo ti rí ibi tí ìwé ti sọ pé wọ́n gba àpótí, tí àpótí sì wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù lábẹ́ iná pápákọ̀, tí ọkọ̀ ti lọ. Ẹ bi wọ́n pé: “Ṣé ó ti wọ inú ọkọ̀? Ta ló rí i wọ̀ ọ́?” Ẹ béèrè lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí dírẹ́bà tó gbé e wá má sì kúrò ní pápákọ̀ títí ọkọ̀ á fi gbéra. Bí ọkọ̀ bá fagi lé ìrìn, òun ló máa gbé e lọ síbòmíràn.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ibi tí àpótí wà hàn lórí fóònù wúlò, ó sì yẹ kó wà nínú gbogbo àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wò ó, kí orúkọ ẹni náà sì wà nínú ìwé.

Kí dírẹ́bà kejì ti wà ní ọ́fíìsì ẹrù kí ọkọ̀ tó balẹ̀, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà ẹrù. Kó bi wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ibo gan-an ni wọ́n ń gbé ẹ̀yà ara sí, torí ó lè jìnnà sí ibi tí èrò ti ń jáde.

Ẹ má bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn bí ọwọ́ bá dán mọ́rán. Láàárín 2007 sí 2010, ilé ìwòsàn 30 ní Amẹ́ríkà fi kíndìnrín 56 láti ara àwọn tó wà láàyè ránṣẹ́ síra wọn, nínú ètò pàṣípààrọ̀ tí ẹbí méjì, tí ẹni tó fẹ́ fúnni nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò bá aláìsàn tirẹ̀ mu, fi ń ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Nílé, ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ẹni tó wà láàyè ló ń fúnni, ilé ìwòsàn kan náà sì ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì. Bí ọjọ́ bá dé tí a máa gba ti olóògbé, dókítà wa tó láti rán an. Ọ̀nà láti Ìbàdàn sí Èkó lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá jà.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tó bá balẹ̀

Kí wọ́n tó ṣí àpótí, kí wọ́n fi lébẹ́ẹ̀lì òde wé ìwé. Bí wọ́n bá ṣí i, kí wọ́n wo yìnyín: ṣé ó ṣì wà, ṣé ó yí i ká, ṣé ọ̀rá kankan ń jò? Kí dókítà gbé kíndìnrín sórí tábìlì, kó wo iṣan, ọ̀nà ìtọ̀ àti awọ rẹ̀, kó tó di pé wọ́n kun aláìsàn lóorun. Kí ẹni méjì tún ka irú ẹ̀jẹ̀ olóògbé àti ti aláìsàn sókè papọ̀ nínú tíátà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí: bí wọ́n bá ti pè yín, ẹ má jẹun, ẹ kó oògùn yín dání, kí ẹ sì sọ òtítọ́ bí ara yín bá gbóná tàbí tí ẹ ń wúkọ́. Wọ́n lè kọ́kọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ yín lórí ẹ̀rọ kí ẹ tó wọlé. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ pẹ́, ẹ lè béèrè pé, “Wákàtí mélòó ló ti lò nínú òtútù báyìí?” Ẹ̀tọ́ yín ni.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá gba inú kíndìnrín kọjá, kí tíátà kọ aago náà, kí wọ́n sì pe àwọn tó fi ránṣẹ́ láti sọ ọ́ fún wọn, pẹ̀lú bí yìnyín ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n lò, kí wọ́n yọ àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ tó máa dá ẹ̀rọ padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, nítorí olóògbé mìíràn lè wà ní Atlanta lálẹ́ ọjọ́ kejì, tí ẹ̀rọ kò sì ní sí nílé.